Òtítọ́ inú Eré: Ọlọ́pàá, Ọmọ Ìta, àti Ọmọ tí Wọ́n Ní Kí Ó Sọ Ohun tí Ó Rí

Àwọn àgbà wa ní òtítọ́ dé ọjà, ó kù tà. Owó lọ́wọ́ ni wọ́n fi ń ra èké. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ òwe yìí, n kò sì bi ara mi léèrè rí ìdí tí òtítọ́ fi ń kù tà. Mo rò pé ìwà burúkú àwọn olùrà ni ó fà á. Ọdún tí ó kọjá ni mo tó rò ó wò pé bóyá iye owó rẹ̀ ni ó ń lé àwọn ènìyàn sá. Pé òtítọ́ a máa wọ́n, àti pé púpọ̀ nínú àwọn tí ó kọjá lọ láìrà á kò fẹ́ràn èké rárá, apá wọn ni kò ká ohun tí a dá lé òtítọ́. Eré tẹlifíṣọ̀n kan ni ó kọ́ mi ní ẹ̀kọ́ yìí, òun ni mo sì fẹ́ bá ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi àti ẹ̀yin olùkọ́ wa jíròrò lé lórí.

Bí ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀ nìyí. Ní alẹ́ ọjọ́ Sátidé kan, àwa mẹ́rin jókòó nínú yàrá wa, à ń wo The Wire lórí kọ̀ǹpútà ọ̀kan nínú wa. Eré náà ti pẹ́: ní ọdún 2002 ni iléeṣẹ́ HBO ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í fi í hàn, ó sì parí ní ọdún 2008. Apá márùn-ún ni ó ní, gbogbo rẹ̀ sì jẹ́ ọgọ́ta (60) eré. Ìlú Baltimore ni ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀. Ó dá lórí àwọn ọlọ́pàá àti àwọn ẹgbẹ́ ọmọ ìta tí ń ta oògùn olóró ní oríta. Nígbà tí iná mànàmáná lọ, tí kọ̀ǹpútà náà sì kú mọ́ wa lójú, àríyànjiyàn bẹ́ sílẹ̀ nínú òkùnkùn. Ẹni kìn-ín-ní ní òtítọ́ ni eré náà, nítorí pé ìbọn rẹ̀, aṣọ rẹ̀ àti èdè ẹnu àwọn òṣèré rẹ̀ dà bí ti ojú pópó gan-an. Ẹni kejì ní irọ́ ni gbogbo eré. Ẹni tí ó bá ń wá òtítọ́, kí ó lọ ka ìwé ìròyìn. Ẹni kẹta ní bí ó bá tilẹ̀ jẹ́ òtítọ́, irú òtítọ́ bẹ́ẹ̀ kò yẹ ní sísọ, nítorí pé ó ń kọ́ ọmọdé láti kórìíra ọlọ́pàá. Èmi kò sọ nǹkan kan. Ohun tí mo rí nínú eré náà ti gbé mi padà sínú ọ̀rọ̀ ara mi kan tí n kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni. Èsì mi ni mo kọ sílẹ̀ yìí, bí ó tilẹ̀ ti pẹ́ díẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ wo ọ̀rọ̀ ẹni kìn-ín-ní. Bí ó bá jẹ́ pé kí nǹkan kéékèèké bá ti ojú ayé mu ni òtítọ́ eré, a jẹ́ pé Dragnet ni ì bá gba ipò iwájú. Lórí rédíò ni eré náà ti bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1949, ó sì dé orí tẹlifíṣọ̀n ní ọdún 1951. Jack Webb, ẹni tí ó dá a sílẹ̀, ni ó tún ń ṣe ọlọ́pàá tí ó jẹ́ olórí òṣèré. Inú àkọsílẹ̀ àwọn ọlọ́pàá ìlú Los Angeles ni wọ́n ti ń mú ìtàn inú rẹ̀, wọn a sì máa sọ fún òǹwòran níbẹ̀rẹ̀ pé ìtàn tòótọ́ ni, pé orúkọ àwọn ènìyàn nìkan ni a pa dà. Ṣùgbọ́n àwọn ọlọ́pàá ìlú náà kan náà ni ó ń yẹ ọ̀rọ̀ eré náà wò kí òǹwòran tó rí i. Nítorí náà, nínú Dragnet, ọlọ́pàá a kan ilẹ̀kùn, onílé a ṣí i, ọlọ́pàá a béèrè ọ̀rọ̀, onílé a dáhùn. Bí wọ́n bá ti kúrò lẹ́nu ọ̀nà, a kì í gbúròó onílé náà mọ́. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí i ní alẹ́ ọjọ́ náà, nígbà tí ọlọ́pàá ti lọ, kò sí nínú ìtàn.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1965, ní àdúgbò Watts ní Los Angeles yẹn kan náà, ọlọ́pàá ojú títì kan dá ọ̀dọ́mọkùnrin adúláwọ̀ kan dúró lórí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ wíwà. Ọ̀rọ̀ di ìjà, ìjà di iná, iná náà sì jó fún ọjọ́ mẹ́fà. Ènìyàn mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n (34) ni ó kú. Ẹni tí ó bá wo Dragnet láti 1951 títí di 1959 tí ó kọ́kọ́ dáwọ́ dúró, kò ní mọ ibi tí irú iná bẹ́ẹ̀ ti lè wá. Ṣé irọ́ ni wọ́n pa fún un? Ó lè jẹ́ pé gbogbo ìtàn tí wọ́n sọ fún un ni ó ṣẹlẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ènìyàn lè fi òtítọ́ kéékèèké mọ ògiri tí yóò bo òtítọ́ ńlá mọ́lẹ̀. Nítorí náà, kì í ṣe ìbọn àti aṣọ ni a ó fi mọ eré tí ó jẹ́ òtítọ́.

Kí ni a ó wá fi mọ̀ ọ́n? Ẹ jẹ́ kí á padà sí Baltimore. Ẹni méjì ni ó jẹ́ òpómúléró The Wire. Èkíní ni David Simon, tí ó ti jẹ́ oníròyìn fún ìwé ìròyìn Baltimore Sun. Èkejì ni Ed Burns, tí ó ṣe iṣẹ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ nínú àwọn ọlọ́pàá Baltimore fún ọdún pípẹ́, kí ó tó di olùkọ́ ní iléèwé ìjọba ní ìlú náà. Àwọn òṣèré wọn pẹ̀lú kì í ṣe àjèjì sí ọ̀rọ̀. Melvin Williams, tí ó ti jẹ́ ọ̀gá ńlá nínú òwò oògùn olóró ní Baltimore nígbà kan rí, tí Burns gan-an wà lára àwọn tí ó tọpinpin rẹ̀ títí ọwọ́ fi tẹ̀ ẹ́ ní ọdún 1984, ni ó ṣe díákónì ìjọ nínú eré náà. Felicia Pearson, tí ó ṣẹ̀wọ̀n nítorí ẹ̀mí tí ó bọ́ nígbà tí ó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, ni ó ṣe ọ̀kan nínú àwọn apànìyàn ẹgbẹ́ náà. Ẹni tí ó mú ènìyàn àti ẹni tí a mú jọ ṣiṣẹ́ pọ̀ lórí ìtàn kan. Lójú mi, ohun tí ó ṣọ̀wọ́n ni.

Orúkọ eré náà pàápàá yẹ fún àròjinlẹ̀. Ẹ̀rọ tí àwọn ọlọ́pàá fi ń dẹtí sí ọ̀rọ̀ àwọn ènìyàn lórí tẹlifóònù ni orúkọ náà ń tọ́ka sí. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ, mo rò pé ọgbọ́n iṣẹ́ ọlọ́pàá lásán ni. Lẹ́yìn náà ni mo wá rí i pé ìjẹ́wọ́ ni. Ọlọ́pàá ń dẹtí sí tẹlifóònù nítorí pé kò sí ẹni tí yóò ṣílẹ̀kùn fún un kí ó sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí. Ọ̀rọ̀ tí àwọn ará ìlú kò fún un ni ó ń jí gbọ́.

Láti ìran àkọ́kọ́ pátápátá ni eré náà ti sọ èyí fún wa. Ọlọ́pàá kan àti ọ̀dọ́mọkùnrin kan jókòó sórí àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà ilé kan ní alẹ́, òkú ènìyàn wà lójú títì níwájú wọn. Wọ́n ń sọ̀rọ̀ bí ọ̀rẹ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà mọ òkú náà dáadáa, ó sọ ìtàn rẹ̀, àánú rẹ̀ sì ṣe é. Ṣùgbọ́n ó ti sọ kí ilẹ̀ tó mọ́ pé òun kò ní dé ilé ẹjọ́. Nínú eré àkọ́kọ́ yìí kan náà, ẹlẹ́rìí méjì lọ sí ilé ẹjọ́ nínú ẹjọ́ apànìyàn kan. Obìnrin náà wo ojú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tí wọ́n wá jókòó tì í, ó yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà. Ọkùnrin náà, òṣìṣẹ́ kan tí ń tún ilé ṣe, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Gant, sọ òtítọ́. Kí eré náà tó parí, òkú Gant ti wà nílẹ̀.

Ṣùgbọ́n apá kẹrin, tí ó jáde ní ọdún 2006, ni ó mú mi lọ́kàn jù. Ọmọkùnrin iléèwé mẹ́rin ni ó dá lé lórí. Ọ̀kan nínú wọn ni Randy, ọmọ tí obìnrin kan gbà tọ́, tí ó ń ta súùtì fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tí ó sì ń lá àlá pé òun yóò ní ṣọ́ọ̀bù ti ara òun lọ́jọ́ kan. Wọ́n ti rán an níṣẹ́ kan sí ẹnìkan láìmọ̀ pé iṣẹ́ náà ni yóò fa ikú onítọ̀hún. Nígbà tí wọ́n fẹ́ lé e kúrò ní iléèwé lórí ọ̀rọ̀ mìíràn, ẹ̀rù bà á, ó sọ fún igbákejì ọ̀gá iléèwé pé òun mọ nǹkan kan nípa ikú ènìyàn kan. Olùkọ́ rẹ̀ kò fẹ́ kí ọmọ náà bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí yóò pa á lára, ó wá ọlọ́pàá tí ó ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé. Ọlọ́pàá náà, Carver, fi í lé ọlọ́pàá mìíràn lọ́wọ́. Èyí bi í léèrè ọ̀rọ̀, kò rí ohun tí ó ń wá, ó gbàgbé rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, nígbà tí ó ń fi ẹnu halẹ̀ mọ́ ẹni tí wọ́n fura sí, ó jẹ́ kí ó mọ̀ pé Randy ni ó sọ ọ́. Ó tán. Àwọn ọmọ iléèwé lu Randy. Wọ́n sọ iná sí ilé obìnrin tí ó gbà á tọ́, obìnrin náà jóná gidigidi. Carver sáré sókè sódò láti gba ọmọ náà sọ́dọ̀ ara rẹ̀, ṣùgbọ́n òfin ní ó di oṣù mélòó kan. Wọ́n dá Randy padà sí ilé tí wọ́n ń kó àwọn ọmọ aláìnílé sí, àwọn ọmọ ibẹ̀ sì fi lílù pàdé rẹ̀. Nígbà tí a tún rí i nínú apá tí ó kẹ́yìn, ọlọ́pàá mìíràn wá béèrè ohun tí ó mọ̀. Ọmọ tí ń rẹ́rìn-ín tí ó ń ta súùtì ti di òkúta, kò sì sọ ohunkóhun.

Ẹni kejì nínú yàrá wa yóò ní àròsọ ni. Ó dára. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2002, ní ìhà ìlà-oòrùn ìlú Baltimore, ẹbí kan tí ń jẹ́ Dawson ń fi ẹjọ́ àwọn tí ń ta oògùn olóró níwájú ilé wọn sùn fún ọlọ́pàá. Wọ́n sọ iná sí ilé wọn ní òru. Ìyá àti ọmọ márùn-ún kú, bàbá náà sì kú ní ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn wọn. Inú ìwé ìròyìn ni èyí wà. Ṣùgbọ́n ìwé ìròyìn ka òkú fún wa, kò sì lè ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ. Eré náà jẹ́ kí á jókòó ti ọmọ kan láti ọjọ́ tí ó la ẹnu rẹ̀ títí di ọjọ́ tí ó pa á dé. Nítorí náà, òṣùwọ̀n tí mo fi ń wọn irú eré báyìí ni pé: ǹjẹ́ ó jẹ́ kí á mọ ẹni tí ó san owó ọ̀rọ̀ tí a sọ, àti iye tí ó san? Eré tí ó bá fi í hàn ti sọ òtítọ́, ìbáà jẹ́ pé ìbọn onígi ni wọ́n lò. Eré tí ó bá fi í pamọ́ ti purọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé inú àkọsílẹ̀ ọlọ́pàá ni gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti wá.

Ní báyìí, mo ní láti sọ ọ̀rọ̀ ara mi, nítorí pé kò tọ́ kí n máa ṣe ìdájọ́ ìlú onílùú kí n sì fi tèmi pamọ́. Mo jẹ́ ọmọ ọdún méjìlá nígbà tí àwọn kan fọ́ ṣọ́ọ̀bù obìnrin kan ní àdúgbò wa ní òru. Mo jí láti lọ tọ̀, mo sì rí wọn láti ojú fèrèsé. Mo mọ méjì nínú wọn. Ọ̀kan ni ó kọ́ mi ní kẹ̀kẹ́ gígùn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ọlọ́pàá méjì dé. Ọ̀kan lóṣòó níwájú mi, ó pè mí ní ọmọ dáadáa, ó ní kí n má bẹ̀rù, ṣé mo rí nǹkan kan? Ìyá àgbà dúró lẹ́yìn mi, ọwọ́ rẹ̀ wà léjìká mi. Kò sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n mo gbọ́ ọwọ́ náà. Mo ní, "Rárá sà, mo ti sùn." Nígbà tí wọ́n lọ, mo bi í léèrè ìdí rẹ̀. Ó ní, "Ọkọ mi, àwọn yẹn yóò padà sí bárékè wọn lónìí. Àwa ni a óò sùn níbí lálẹ́."

Fún ọjọ́ mẹ́ta, mo rò pé ọ̀rọ̀ náà ti parí. Ní ọjọ́ kẹrin ni wọ́n wá mú ọmọ ìkọ́ṣẹ́ kan lọ́dọ̀ ẹni tí ń lẹ táyà ní ìkòríta wa, nítorí pé inú ahéré iṣẹ́ ni ó ń sùn, kò sì ní ẹbí nítòsí tí yóò wí tẹnu rẹ̀. Ó lé ní oṣù méjì kí ó tó padà. Nígbà tí ó dé, ó ń tiro. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ táyà bí ó ti ń ṣe tẹ́lẹ̀, kò sì fi ojú burúkú wò mí rí, nítorí kò mọ̀ pé mo mọ̀. Èmi ni n kò lè gba iwájú rẹ̀ kọjá mọ́. Títí mo fi kúrò ní àdúgbò náà, ọ̀nà ẹ̀yìn ni mo ń gbà lọ sí iléèwé.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ wo ibi tí ọ̀rọ̀ yìí há sí. Bí mo bá sọ̀rọ̀, bóyá ilé wa ni wọn ì bá sọ iná sí. N kò sọ̀rọ̀, ẹlòmíràn ni ó san án. Nínú ọ̀rọ̀ báyìí, gbèsè kì í parẹ́. Ó kàn ń wá ẹni tí kò ní agbára láti kọ̀ ọ́ ni. Ìyá àgbà kì í ṣe ìkà ènìyàn. Ó ṣírò ohun tí ó lè rí láti ibi tí ó dúró sí. Ṣùgbọ́n n kò lè fi ìṣírò rẹ̀ wẹ ọwọ́ mi mọ́, nítorí mo mọ orúkọ ẹni tí ó ń tiro.

Gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ń kọ́ èdè, mo ronú sí orúkọ tí a ń pe ẹni tí ó bá sọ ohun tí ó rí. Yorùbá ní orúkọ mẹ́ta ó kéré tán. Ẹlẹ́rìí ni ẹni tí ó dìde níwájú ìdájọ́ tí ó sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí. Ọ̀wọ̀ ń bẹ fún un. Olófòófó ni ẹni tí kò lè pa ẹnu rẹ̀ mọ́. A ń fi í ṣe ẹlẹ́yà. Ọ̀dàlẹ̀ ni ẹni tí ó ta ọ̀rẹ́ rẹ̀. Bí ó bá bá ilẹ̀ lọ, a ò sunkún rẹ̀. Ní oríta Baltimore, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti di ọ̀kan ṣoṣo, ìyẹn snitch. Wọ́n pe ẹni tí ó ta ọ̀rẹ́ rẹ̀ nítorí owó bẹ́ẹ̀, wọ́n sì pe Randy bẹ́ẹ̀. Àwọn kan a máa sọ pé ìwà àwọn ọmọ ìta ni ó ba ọ̀rọ̀ náà jẹ́. Mo rò pé òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n kò pé. Ohun tí ó ń sọ ènìyàn di ẹlẹ́rìí ni pé ìlú dúró tì í lẹ́yìn. Bí ìlú kò bá dúró tì í, bí ẹni tí ó béèrè ọ̀rọ̀ bá ti padà sí bárékè rẹ̀, kí ni yóò fi ìyàtọ̀ hàn láàrin ẹlẹ́rìí àti ọ̀dàlẹ̀ lójú àwọn tí ó kù sí àdúgbò? Ní àdúgbò wa pẹ̀lú, ọ̀rọ̀ náà ẹlẹ́rìí wà nínú èdè wa, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó lè fi ṣe iṣẹ́ ṣe ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà.

Láti ibi yìí ni mo ti rí ohun tí mo gbà gbọ́. Wọ́n kọ́ wa ní ilé àti ní iléèwé pé iṣẹ́ olúkúlùkù ni láti sọ òtítọ́, bí ẹni pé ẹnu ẹnìkan ṣoṣo ni òtítọ́ ń gbé. Èmi rò pé ẹrù ẹni méjì ni. Bí ẹrù bá wúwo, ẹni tí ó fẹ́ kí a gbé e ni ó yẹ kí ó dúró gbé e ru ni, kí ó sì tẹ̀ lé ni títí a ó fi sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ẹni tí ó bi ọmọdé léèrè ohun tí ó rí ti di onígbèsè ọmọ náà láti ìṣẹ́jú tí ọmọ náà bá ti la ẹnu. Bí kò bá ní ohun tí yóò fi san gbèsè náà, kò yẹ kí ó béèrè. Èyí kò dá ẹni tí ó dákẹ́ láre pátápátá. Èmi ni mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ jù. Ṣùgbọ́n kò tọ́ kí ìdájọ́ máa wúwo lórí ọmọ ọdún méjìlá kí ó sì fúyẹ́ lórí ẹni tí ó wọ aṣọ ìjọba.

Ẹni kẹta nínú wa ní irú eré báyìí ń kọ́ ọmọdé láti kórìíra ọlọ́pàá. Kì í ṣe òun nìkan ni ó rò bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 2011, ọ̀gá àwọn ọlọ́pàá Baltimore fúnra rẹ̀ fi ẹ̀hónú hàn pé The Wire ti ba orúkọ ìlú náà jẹ́. Ó ní ẹ̀tọ́ láti bínú. Àwa tí a jókòó sí yàrá kan ní ilẹ̀ Yorùbá, tí a kò dé Baltimore rí, ti ń sọ̀rọ̀ ìlú náà bí ẹni tí a bí níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ilé ìdáná, ilé ìjọsìn àti ìgbéyàwó wà níbẹ̀ tí eré náà kò fi bẹ́ẹ̀ fi hàn wá. Ṣùgbọ́n n kò gbà pé eré náà kórìíra ọlọ́pàá. Carver tí mo dárúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ọ̀dọ́ tí ó fẹ́ràn kí ó máa na ènìyàn ni níbẹ̀rẹ̀. A rí i bí ó ti ń dàgbà títí ó fi mọ àwọn ọmọ oríta ní orúkọ, títí ó fi fẹ́ sọ ọ̀kan nínú wọn di ọmọ ara rẹ̀. Ẹni tí ó kórìíra ọlọ́pàá kò ní kọ irú Carver sílẹ̀.

Bí mo bá ní ẹ̀sùn kan sí eré náà, ẹ̀sùn mi ni pé ó tilẹ̀ fi àánú wo àwọn ọlọ́pàá díẹ̀. Nínú rẹ̀, púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ọ̀lẹ, ọ̀mùtí tàbí ẹni tí ń bẹ̀rù ọ̀gá, ṣùgbọ́n àwọn tí ń jalè kò pọ̀. Ọlọ́pàá kan wà níbẹ̀ tí ó gba owó súùtì Randy, tí ó sì ṣẹ́ ìka ọmọ mìíràn, ṣùgbọ́n òun nìkan ni ó dà bí ẹni pé ó ń ṣe tirẹ̀. Nígbà tí ó di oṣù kẹta ọdún 2017, ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà mú ọlọ́pàá Baltimore méje lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, láti inú ẹ̀ka pàtàkì kan tí wọ́n dá sílẹ̀ láti máa gba ìbọn lọ́wọ́ àwọn ọmọ ìta. Wọ́n ti ń ja àwọn ará ìlú lólè owó àti oògùn. Ní ọdún 2018, wọ́n rán olórí wọn lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́ẹ̀dọ́gbọ̀n (25). Simon padà sí ọ̀rọ̀ náà nínú eré mìíràn, We Own This City, ní ọdún 2022. Èyí kọ́ wa pé eré tí ó jẹ́ olóòótọ́ jù pàápàá ní ibi tí ojú rẹ̀ mọ. Ẹni tí ó bá fẹ́ sọ òtítọ́ gbọdọ̀ ṣe tán láti padà wá tún un sọ.

Kí ni èyí kàn wá? Ikú tí ń pa ojúgbà ẹni, òwe ni ó ń pa fún ni. Nínú ọ̀pọ̀ fíìmù tiwa, ìparí ìtàn ni ọlọ́pàá máa ń yọ. Wọn a wọlé, wọn a fi ṣẹkẹṣẹkẹ sí ọwọ́ ọ̀daràn, òdodo a sì lékè. A kì í béèrè ẹni tí ó ta wọ́n lólobó, tàbí ibi tí onítọ̀hún sùn ní alẹ́ ọjọ́ náà. Bẹ́ẹ̀ ni ní oṣù kẹwàá ọdún 2020, àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n jẹ́ ẹgbẹ́ wa jáde sí òpópónà láti Èkó títí dé Àbújá nítorí ẹ̀ka ọlọ́pàá SARS, tí wọ́n dá sílẹ̀ láti gbógun ti adigunjalè, ṣùgbọ́n tí ó ti di pé ọ̀dọ́ tí kò jalè ń sá fún un. Ìjọba kéde ní ọjọ́ 11 oṣù náà pé àwọn ti tú ẹ̀ka náà ká. Àárín èyí tí ó wà nínú fíìmù wa àti èyí tí ó wà lójú títì jìnnà síra, inú àlàfo náà sì ni àwọn òǹkọ̀wé tí ó wà láàrin wa lónìí yóò rí iṣẹ́ ṣe, bí wọ́n bá fẹ́.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí mo sọ yẹn, àgbà pọ̀ lọ́jà wa: ọlọ́pàá méjì, ìyá àgbà, onílé, àwọn aládùúgbò tí wọ́n jọ gbọ́ ariwo ní òru. Orí ọmọ méjì ni ó wọ́ níṣojú wọn, tèmi àti ti ọmọ ìkọ́ṣẹ́ náà. Nígbà tí mo lọ sílé ní ìsinmi tí ó kọjá, mo gba ọ̀nà iwájú. Ó wà níbẹ̀, ó ti di ọ̀gá ara rẹ̀, ó sì ní ọmọṣẹ́ kan. Mo kí i, ó dáhùn, ó bi mí léèrè ìwé mi. Mo dúró fún ìgbà díẹ̀, mo wo ẹsẹ̀ rẹ̀, n kò sì lè sọ ọ́. Ṣùgbọ́n mo ti kọ ọ́ síhìn-ín, mo sì ní i lọ́kàn láti mú ìwé yìí dání nígbà tí mo bá tún ń lọ.